Bí Àwọn Ọmọ Ogun Bébà Yóò Ṣe Ga Tó

Maeve ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù Melbourne, mo kí ọ kú iṣẹ́. A ò ní gbúròó ara wa ní búburú. Òjò kò tíì rọ̀ níbí, eruku là ń jẹ mọ́ búrẹ́dì, àwọn àgùntàn tó kù sì ti rù kan eegun. Bàbá rẹ kò lè rìn dé ìdí tábìlì mọ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé kò dájú pé yóò rí ìgbà tí a ó gbin àlìkámà. Mo fún nọ́ọ̀sì náà ní ẹyin adìẹ, n kò mọ ohun mìíràn tí èèyàn í ṣe.

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, pé o ti ya àwọn ọmọ ogun bébà tí ẹ̀yin méjèèjì yóò fi ta ayò ogun yín nígbà tí o bá wálé, àti pé kí n yan bí wọn yóò ṣe ga tó, mílímítà méjìdínlọ́gbọ̀n tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó kó mi sí ìrònú. Pátákó ìjẹun orí ibùsùn nìkan ni tábìlì bàbá rẹ báyìí. Bí wọ́n bá ga, ogun ò ní gbà síbẹ̀. Bí wọ́n bá kéré, kò ní rí wọn, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣú. Mo bi í. Ó ní ṣé pósí òun ni mo fẹ́ wọ̀n ni, kí n yan èyí tó bá wù mí.

Mo yan kékeré, mo lọ bá Merle tó ń tọ́jú ilé ìkàwé, kí n lè tẹ àwòrán tí o fi ránṣẹ́ jáde níbẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bi mí bóyá kí òun mú un bá bébà mu. Mo dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ṣeun. Ta ni kò fẹ́ kí nǹkan bá ara mu? Kò sọ fún mi pé ojú ewé tó kéré ni òun yóò fẹ̀, èyí tó tóbi ni òun yóò sún kì. Mo gé gbogbo wọn, mo lẹ ẹsẹ̀ wọn, mo rò pé bí ẹ̀yà wọn ṣe rí nìyẹn. Tìrẹ ga tó ìka ọwọ́, ti bàbá rẹ kò tó èékánná.

Bàbá rẹ fọwọ́ pa wọ́n wò, ó ní, Glenys, ìwọ obìnrin yìí, o ti bá wọn pa mí kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a lẹ́kun, mo sì yára ká áńkáṣíìfù tó fi nu ẹnu kó má baà rí ẹ̀jẹ̀. Ó ti rí i.

Ó ní àwọn gíga ni ká lò níhà méjèèjì. Mo ní mẹ́wàá péré ni pátákó lè gbà. Ó ní márùn-ún márùn-ún tó, pé nínú ogun ńlá èèyàn kì í mọ ẹni tó kú. Merle tún ti bàbá rẹ tẹ̀, ó ní kí n jìnnà sí bọ́tìnì. Bàbá rẹ ti sọ àwọn márùn-ún náà lórúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ru ọkà ní àká. Gbogbo wọn ti wà ní ibojì.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n san ti yíǹkì fún Merle. Má fi í gba inú fóònù, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò yíká, kò sí ihò tí owó lè gbà jáde. Àmọ́ bó bá jẹ́ owó tàbí ìwọ, ìwọ ni kí o wá. Bàbá rẹ ti to ogun náà kalẹ̀ sórí pátákó, ó kọ̀ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án, orí àyà rẹ̀ ló ń gbé àwo ọbẹ̀ lé báyìí, ó sì ń jó o. Ó ní òun kọ́ ló kàn láti ṣí ẹsẹ̀, ìwọ ló kàn.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ. Kó mú ọ dé kó tó di pé èmi ni n ó palẹ̀ wọn mọ́.

Ìyá rẹ,
Glenys