Ẹjọ́ Tí Mo Tọ́jú De Lọ́yà Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Èmi ni mò ń sọ ọ́, Tíṣà ni ó ń kọ ọ́. Tíṣà ló ń gbé yàrá ìsàlẹ̀, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un: kí ó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, kí ó má bù mọ́ ọn. Èmi ò kàwé. Káfíńtà ni mí. Ilẹ̀kùn ni mo fi gbogbo ayé mi kàn.

Ìdí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ rèé. Ọmọ ọmọ mi, Lọ́yà Kékeré, tó ń kọ́ òfin ní yunifásítì, ló sọ pé ohun tí èèyàn bá kọ sílẹ̀ nígbà tó ṣì ń rántí a máa wúlò ní kóòtù. Ó ní ọdún kẹrin ni wọ́n á tó kọ́ àwọn ní Òfin Ẹ̀rí, ṣùgbọ́n òun ti yọjú wo ìwé rẹ̀. Ó dáa. Kí á kọ ọ́.

Ìyàwó mi kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n gún un. Wọ́n ti fi yíǹkì pupa kọ orúkọ oògùn inú abẹ́rẹ́ yẹn sórí káàdì rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fún un. Mi ò lè ka ohun tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ pupa. Mo gbé káàdì náà síwájú nọ́ọ̀sì. Ó ní, "Bàbá, ẹ lọ jókòó."

Mo lọ jókòó.

Ó tó fún òní.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Ìwé kan wà lára ògiri, lókè tábìlì iṣẹ́ mi. Gbogbo ohun tí wọ́n máa kọ́ Lọ́yà Kékeré fún ọdún márùn-ún ló wà níbẹ̀. Tíṣà ti kà á fún mi títí mo fi mọ̀ ọ́n sórí. Ọdún kìíní: bí òfin ṣe ń ṣiṣẹ́, bí a ṣe ń ronú, bí a ṣe ń kọ̀wé. Ọdún kejì: òfin àdéhùn, òfin tí ìlú dúró lé. Ọdún kẹta: òfin ọ̀daràn, òfin ìpalára. Ọdún kẹrin: òfin ilẹ̀, òfin ẹ̀rí. Ọdún karùn-ún: òfin ilé iṣẹ́, àti ọ̀kan báyìí tí wọ́n á ti máa bi ara wọn pé kí ni òfin gan-an. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin! Lọ́dọ̀ tèmi, ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá dé ló ti ń mọ ohun tí igi jẹ́.

Bí wọ́n bá parí ọ̀kan, màá fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí i. Ìpalára ni mò ń dúró dè láti ọjọ́ yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn tí kò bìkítà wà. Wọ́n ti wà lórí rẹ̀ báyìí. Ó ku ẹ̀rí. Lẹ́yìn náà, kóòtù.

Káàdì náà wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, lábẹ́ ìfági. Mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ yìí. Mo tún yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sàn-án.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Ara mi ò balẹ̀. Mo fá pákó kan tí ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí níṣẹ́ rẹ̀, títí ó fi tín-ín-rín bíi bébà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Tíṣà béèrè ìdí tí ọmọ mi kì í fi í wá síbí. Baba Lọ́yà Kékeré ni. Mo ní kò kàn án. Lẹ́yìn náà mo ní kó kọ ọ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn tí a sin ìyá rẹ̀, ó mú lọ́yà kan wá, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó gbé báàgì dání. Mo ní kí wọ́n jáde. Mo ní ẹjọ́ ìyàwó mi kì í ṣe ohun tí àlejò ń gbé kiri. Mo ní Lọ́yà Kékeré ń múra àtiwọ yunifásítì, òun ni yóò ro ẹjọ́ ìyá àgbà rẹ̀. Ọmọ náà wà níbẹ̀, ó gbọ́. Lọ́yà náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń sọ nǹkan, ó ń na ìka sókè. Mo mú ayùn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ igi. Mo rẹ́ ẹ títí wọ́n fi lọ.

Láti ìgbà náà ni ọmọ mi ò ti tẹsẹ̀ bọ ilé yìí mọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Lọ́yà Kékeré ò pè lánàá. Kì í pa ọjọ́ Àìkú jẹ. Mo pè é. Ó ní iṣẹ́ pọ̀, Bàbá. Ohùn rẹ̀ ò dùn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo lọ sí yunifásítì náà. Ọkọ̀ méjì ni mo wọ̀. Mo ní mo fẹ́ rí ẹni tó ń to kọ́ọ̀sì.

Akọ̀wé wọn ní, "Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ fi ọmọ wọlé ni?"

Mo ní rárá, mo fẹ́ kí ẹ gbé Òfin Ẹ̀rí kúrò ní ọdún kẹrin wá sí ọdún kẹta. Mo lẹ́nìkan tó nílò rẹ̀ kíá.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní àfi bíi pé Bàbá wá pààrọ̀ bàtà. Mo dúró. Mo ti dúró fún ọdún mẹ́rin, ẹ̀rín wọn ò ní lé mi.

Olùkọ́ obìnrin kan jáde, jígí ojú rẹ̀ so mọ́ okùn lọ́rùn. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó fún mi ní àga. Ó bi mí léèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Ó ní, "Bàbá, nínú ilẹ̀kùn àti férémù, èwo lẹ máa ń kọ́kọ́ gbé dúró?" Mo ní férémù ni. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ṣe to òfin. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí. Mo wá sọ ti káàdì fún un.

Ó ní, "Ìgbà wo ni Màmá kú?"

Mo sọ ọ́. Ó yọ jígí, ó nù ún, kò sì wọ̀ ọ́ padà. Ó bi mí pé ta ni ọmọ ọmọ mi. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ó wálé. Ẹ jẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún yín."

Mo ní kí ó sọ kí ni?

Ó sìn mí dé ibùdókọ̀, ó bá mi gbé báàgì mi. Olùkọ́ yunifásítì. Ìyẹn ló já mi láyà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Sọ kí ni?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Lọ́yà Kékeré dé. Kò gbé ìwé kankan wá. Ó dúró níwájú ìwé ara ògiri, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ó ní òfin ní gbèdéke. Ọdún mẹ́ta, láti ọjọ́ tí wọ́n bá pa èèyàn lára. Bí ó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, kóòtù ò ní gbọ́ ẹjọ́ náà mọ́.

Mo ní, "Káàdì wà lọ́wọ́ wa."

"Bí káàdì tilẹ̀ wà, Bàbá."

"Yíǹkì pupa ni."

"Mo mọ̀, Bàbá. Mo mọ̀."

Ó ní inú kíláàsì lòun wà nígbà tí olùkọ́ sọ ọ́. Ó fi ìka ka ọdún lábẹ́ tábìlì. Ó tún un kà. Ọjọ́ tí ọdún mẹ́ta pé, ọdún kejì ni wọ́n wà, òfin àdéhùn ni wọ́n ń kọ́ wọn.

Ó ní òun ò ní padà sí yunifásítì mọ́. Nítorí Màmá lòun ṣe wọ ibẹ̀. Ìdánwò ìpalára ku ọjọ́ mẹ́sàn-án, òun ò sì ní jókòó ṣe é.

Mo ní kó jẹun. Kò jẹun.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Ó ní ẹ̀bi òun ni. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní o ò tíì wọ yunifásítì nígbà tí mo lé lọ́yà, ẹ̀bi ta ni o fẹ́ gbé rù?

Ó ní, "Ẹ ò mọ̀, Bàbá."

Mo ní, "Wọ́n ń sọ ọ́ fún mi. Ayùn ni mò ń fà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlógún

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọmọ mi. Fíríìjì ló ń tún ṣe. Ó wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan. Irun rẹ̀ ti ń funfun, mi ò mọ̀.

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Bàbá," bíi pé àná la ríra.

Mo ní, "Lọ́yà yẹn. Kí ló ń sọ lẹ́nu ọ̀nà?"

Ó ní, "Ọdún mẹ́ta."

"O mọ̀."

"Mo mọ̀. Ọjọ́ tó ku ọ̀la kó pé, mo wá dé ẹnu ọ̀nà yín. Mo gbọ́ tí ẹ ń fá igi. Mo rò ó pé ẹ tún máa lé mi. Mo padà."

Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà nílẹ̀, mo mú un, mo tàn án sí ibi tó ń ṣe. Mo ní, "Ìwọ lo jàre."

Ó ní, "Ẹ gbé iná yẹn sókè díẹ̀, Bàbá."

Mo gbé e sókè. Mo dì í mú títí ó fi parí.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ọmọ mi wá sílé. Ó wọ yàrá tọ ọmọ rẹ̀ lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Èmi ni mo kan ilẹ̀kùn yẹn, ohùn kì í gba ibẹ̀ jáde. Nígbà tí wọ́n jáde, Lọ́yà Kékeré ti gbé báàgì rẹ̀ kọ́ èjìká. Baba rẹ̀ ló gbé e padà sí ilé ìwé.

Tíṣà ní níwọ̀n bí kò ti sí ẹjọ́ mọ́, ṣé kí òun dá ìwé yìí dúró? Mo ní kó jókòó. Mo ní ẹ̀rí ni mo ní kó jẹ́, ẹ̀rí náà ni yóò jẹ́. Ẹ kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì ní kí n lọ jókòó. Ẹ kọ ọ́ pé mo jókòó. Ẹ kọ ọ́ pé èmi ni mo lé lọ́yà.

Ó kọ ọ́. Ó nu ojú rẹ̀. Mo ní kó má da omi sórí ìwé mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Lọ́yà Kékeré pè lọ́sàn-án, bó ṣe jáde nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ó ní wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ gé níka, tó jẹ́ pé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ló tó wá sí kóòtù.

Mo ní, "Kí lo kọ?"

"Mo wá ọ̀nà fún un, Bàbá. Ojú ìwé méjì gbáko ni mo fi wá ọ̀nà. Kò sí. Mo kọ ọ́ pé ó ti pẹ́ jù."

Mo gbọ́ èémí rẹ̀ lórí fóònù. Ó ń dúró dè mí.

Mo ní, "O gbà á."

Mo gbẹ́ pẹ́ńsùlù mi, mo lọ síbi ògiri, mo fa ìlà sí ìpalára.