Íǹṣì Mẹ́rìndínlógójì

Ìyá Dàmọ́lá mi,

Mo rí fọ́tò tí o fi sínú lẹ́tà. Kábínẹ́ẹ̀tì kíṣìn tí Ládé kàn fún ọ dára, inú mi dùn gan-an. Mo mọ pákó ìrókò tó fi bo orí rẹ̀. Èmi ni mo rà á ní Kétu, tí mo fi ti ògiri ẹ̀yìnkùlé kí ó lè gbẹ dè mí. Kò burú.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa ní Dọ́blìn, ìlú òyìnbó níbí. Kíṣìn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ gùn ju ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀ lọ. Irin ni gbogbo orí tábìlì rẹ̀, èmi ni mo sì ń nù ún.

O ní ẹ̀yìn kì í dùn ọ́ mọ́ tí o bá ń gé ẹ̀fọ́. Èmi àti Ládé jọ kọ́ṣẹ́ káfíńtà ni. Ọ̀gá wa ní a kì í fojú díwọ̀n gíga kábínẹ́ẹ̀tì: obìnrin tó ni kíṣìn á dúró, á ká apá, káfíńtà á wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. O ò sọ fún mi pé ó wọ̀n ọ́.

Bá mi kí màmá mi àti Dàmọ́lá. Sọ fún Ládé pé mo ní ó kú iṣẹ́. Íǹṣì mẹ́rìndínlógójì ni gíga tó bá ọ mu nígbà tí èmi fúnra mi wọ̀n ọ́, mi ò gbàgbé. Fi téèpù wọn kábínẹ́ẹ̀tì yẹn wò. Tó bá yàtọ̀, kọ̀wé sí mi kíákíá. Tó bá jẹ́ mẹ́rìndínlógójì gẹ́lẹ́, má wulẹ̀ sọ fún mi.

Èmi ni Ọláńrewájú, ọkọ rẹ.