Ẹnu Ọ̀nà Iwájú Ni Màmá Yóò Gbà: Ìgbésí Ayé Olùkọ́ Valborg Hedtjärn (1868–1951)

Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1868, bí àwọn ará ìlú wa, Lövsund, ti ń dáná ńlá létí òkun láti fi lé ọ̀gìnnìtìn lọ, ni a bí Màmá wa, Valborg, fún Efraim Hedtjärn tí ń kan ọkọ̀ ojú omi, àti Katarina aya rẹ̀. Màmá nìkan ni obìnrin láàárín ọmọ márùn-ún, ẹnu wọn sì mú ju ti àwọn mẹ́rin yòókù lọ.

Ní ọdún 1888, Màmá jókòó ṣe ìdánwò àṣejáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọkùnrin, nítorí kò sí ti obìnrin nílùú wa. Gbogbo wa la mọ àṣà náà: ẹni tó bá yege á dé fìlà funfun, á gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde sáàárín ẹbí àti òdòdó, ẹni tó bá fìdí rẹmi á gba ẹ̀yìn yọ́ lọ sílé. Èdè Látìn já Màmá kulẹ̀. Bàbá wọn, tó ti ra fìlà sílẹ̀, dúró níwájú títí àgbàlá fi ṣófo, kó tó lọ bá ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Ó ní, "Valborg, fìlà kì í kú. Jẹ́ ká lọ jẹun." Wọ́n tọ́jú fìlà náà sínú àpótí.

Ní ọdún 1898, Màmá dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin sílẹ̀ nínú àgọ́ tí bàbá wọn ti ń kan ọkọ̀. Ọmọ méje ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, aṣọ gbogbo wọn sì ń rùn fún ọ̀dà.

Ní ti ìgbéyàwó, Màmá kò lọ́kọ. Nígbà tí àlùfáà béèrè ìdí, wọ́n fèsì pé, "Òfin ní ọkọ ni alágbàtọ́ ìyàwó. Èmi tí mò ń tọ́ ọgbọ̀n ọmọ, ta ni yóò tún tọ́ mi?" Síbẹ̀ wọn kì í pa ìsìn jẹ. Wọ́n gba Ragnfrid, ọmọ òrukàn, wọ́n sì tọ́ ọ bí ọmọ inú wọn.

Ọdún 1913 ni ọ̀rọ̀ di ọ̀ràn. Ìgbìmọ̀ ìlú sọ pé bí ọmọbìnrin mẹ́rin àkọ́kọ́ tí Màmá fẹ́ fi sílẹ̀ fún ìdánwò àṣejáde bá fìdí rẹmi, àwọn yóò ti ilé ẹ̀kọ́ náà pa. Ragnfrid wà lára wọn. Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, ẹ̀rù ba àwọn ọmọ débi pé wọn kò lè wọlé. Màmá ní, "Mo ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn rí. Ṣé mo kú ni? Ẹ wọlé, jàre."

Ó dá Ọ̀gbẹ́ni Zakris Brunnman, alága ìgbìmọ̀, lójú pé wọ́n máa kùnà. Èèyàn rere ni; ó gbé ìkòkò kọfí lọ sí ẹ̀yìn ilé láti fi tu àwọn ọmọ nínú. Ó dúró, dúró, kò rẹ́nì kan. Orin ló gbọ́ níwájú. Nígbà tó fi sáré dé ibẹ̀, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti wà léjìká àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, Màmá sì ń fi fìlà ọdún márùndínlọ́gbọ̀n náà, tó ti pọ́n bíi bọ́tà, dé Ragnfrid lórí. Màmá ń sunkún ní gbangba. Brunnman ní, "Olùkọ́, ibi tí kò yẹ ni mo dúró sí." Màmá wo ìkòkò ọwọ́ rẹ̀. "Kọfí yẹn ṣì gbóná? Ẹ bù ú wá." Lọ́dún kejì, ó mú ọmọbìnrin tirẹ̀ wá.

Ní ọdún 1921, tí àwọn obìnrin ilẹ̀ wa kọ́kọ́ dìbò, Màmá kó ogójì obìnrin lẹ́yìn lọ sí ibùdó ìdìbò kí wọ́n tó jẹun àárọ̀. Nígbà tí wọ́n pé àádọ́rin ọdún, ìlú fẹ́ fi fìlà funfun dá wọn lọ́lá. Wọ́n kọ̀ ọ́: "Fìlà tí n kò fi Látìn gbà, n kò ní dé e."

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù karùn-ún tó kọjá, Ylva ọmọ Ragnfrid yege. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn Màmá pẹ̀lú fìlà àtijọ́ náà lórí. Màmá bi í pé, "Ẹnu ọ̀nà wo lo gbà?" Ó ní, "Ti iwájú ni, Màmá Àgbà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, wọ́n sùn.

Màmá fi Dókítà Ragnfrid sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́ta, Ylva, Hemming àti Botvid, àti ẹgbẹ̀ta akẹ́kọ̀ọ́ ó lé.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí orin bá parí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yà sí ẹ̀yìn. Ylva ni yóò ṣíwájú pẹ̀lú fìlà náà, pósí Màmá yóò tẹ̀ lé e gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde, kí ẹ sì mú òdòdó yín dání.

Olùkọ́ Valborg, ẹ sùn ire. Ẹ ti yege.