Ilé Yàrá Mẹ́rin Tí Ẹ̀rọ Rí Lẹ́yìnkùlé Wa

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ò gbẹ̀mí ẹ? Àwa ńlé wà láàyè, orúnkún bàbá rẹ nìkan ló ń ṣe tinú ẹ̀, òun náà sì ti fìyẹn ṣe àwáwí, kò ṣiṣẹ́ kankan mọ́.

O sọ lórí fóònù pé ẹ̀yin awalẹ̀pìtàn á rán nǹkan kékeré kan tó ń fò wá ya fọ́tò abúlé wa, pé ẹ̀rọ tí ìwọ fúnra rẹ kọ́ níwèé ló máa wo fọ́tò náà, tí á sì tọ́ka sí ibi tí àwọn ará àtijọ́ kọ́lé sí. Inú mi dùn kọjá sísọ. O ò wálé láti ọdún tó ṣáájú èṣí, mo ní ó kéré tán, wàá rí mi láti òkè. Bí mo ṣe gbọ́ tó ń kùn bọ̀, mo wẹ̀, mo kun àtíkè, mo kó aṣọ bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí o rà fún mi, mo tẹ́ wọn sílẹ̀ lẹ́yìnkùlé kí o lè mọ̀ pé mi ò tíì tà wọ́n. Mo wá ń juwọ́ títí apá fi ń ro mí. Bàbá rẹ ní orí mi ti dàrú.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gá yín onírùngbọ̀n dé tòun tàwọn tó ń gbẹ́lẹ̀. Nínú àwòrán tó fi hàn mí, gbogbo ilẹ̀ wa rí bí eérú, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ti fi ìlà pupa yí aṣọ mi ká lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní háà, ọmọ mi mọ ẹ̀rọ kọ́ o, ó dá aṣọ mi mọ̀! Ọ̀gá yín ní rárá, ilé yàrá mẹ́rin ti ayé àtijọ́ ni. Mo fẹ́ bá a jiyàn, mo rántí pé òun ló ń san owó oṣù rẹ, ni mo bá fi ibi tí mo tẹ́ aṣọ sí hàn wọ́n.

Wọ́n gbẹ́lẹ̀ títí. Bàtà bàbá rẹ tó ti já nìkan ni wọ́n rí. Wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, wọ́n fi sínú ọ̀rá, wọ́n gbé e lọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá rẹ ní tí wọ́n bá rí ìkejì, kí wọ́n kó méjèèjì padà.

Èmi ò bínú sí kòtò náà, ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi gbẹ́ ṣáláńgá. Jọ̀ọ́, fi owó páànù tí a ó fi bò ó ránṣẹ́. Ẹ̀rọ yẹn náà, tún un kọ́ dáadáa, tó bá ń ṣagídí, fi iná mànàmáná dù ú díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi, mo dúró síbẹ̀ nínú oòrùn, mò ń juwọ́, ẹ̀rọ rẹ ò fi ìlà kankan yí mi ká. Ó dùn mí. Máa bọ̀ wálé. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ, á gbé ẹ ga, kò sì ní jẹ́ kó jẹ́ ìgbà tí mo bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ lo máa ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mi wá. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó ṣì wà lókè ilẹ̀.