Kì í ṣe pé ìbàdí yẹ̀

Ọjọ́rú, oṣù kẹfà, 1988



Láti àná tí àwọn àpò ìrẹsì ti wó lu Ràsákì ọkọ mi níbi tó ti ń já ẹrù ní èbúté Kirikírí, ni nọ́ọ̀sì ti sọ fún ìyá rẹ̀ pé ìbàdí ló ti ṣèṣe. Màmá rò pé ó yẹ̀ ni. Lónìí, wọ́n mú bàbá kan tó ń to eegun wá sí ọsibítù.

Mo dúró síwájú bẹ́ẹ̀dì. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní ó fọ́ ni!"

"Ta ló bí i, èmi àbí ìwọ?"

Bàbá yẹn ti di ọrùn ẹsẹ̀ Ràsákì mú. Mo figbe ta títí dókítà fi sáré wọlé. Ó fọwọ́ tọ ara tirẹ̀, láti ìbàdí yí dé abẹ́ ìdodo.

"Màmá, eegun yìí yí po bí igbá. Inú ẹ̀ ni àpò ìtọ̀ wà. Tí ẹ bá fà á, eegun tó fọ́ lè gún un."

Bàbá yẹn rọra fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Bóyá Ràsákì á tún rìn dáadáa, dókítà ò tíì lè sọ. Tí kò bá wá...

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀ nírọ̀lẹ́, Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé ẹsẹ̀ ọmọ wọn. "Lọ sinmi, ìyàwó mi. Ẹnikẹ́ni ò ní fà á lójú mi."