Ògiri Tí Wọ́n Ní Kí N Má Fọwọ́ Kàn

San Melchor, ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tí mo ti fún àwọn tòlótòló lóúnjẹ

Zenaida ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé o ń jẹun? Ṣé ẹsẹ̀ rẹ ò wú mọ́ nínú bàtà gíga yẹn? Kí Wúńdíá Màríà máa fi aṣọ rẹ̀ bò ọ́ ní gbogbo ìgboro Mẹ́síkò tí o ń rìn, kí ọwọ́ olè má tó ọ, kí o sì máa rí ojúure ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ ìwé ìròyìn aṣọ yẹn. Bó bá jẹ́ èmi lò ń béèrè, mo wà, ó kàn rẹ̀ mí ni. Orúnkún òsì ń dùn mí, ti ọ̀tún sì ti ń bá a kẹ́dùn. Tòlótòló dúdú yé ẹyin mẹ́jọ. Tiburcia aládùúgbò wa ní kí n kí ọ, ó ní ṣé o ò tíì lọ́kọ ni, mo ní kó lọ bi ọkọ náà léèrè.

Ọ̀rọ̀ ògiri ni mo fẹ́ bá ọ sọ, kí o tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. O mọ̀ pé ọdún kan tí bàbá rẹ kú pé ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, o sì mọ̀ pé níbí, bí ọdún òkú bá ti fẹ́ pé, a gbọ́dọ̀ fi ẹfun kun iwájú ilé kí àwọn aládùúrà tó dé, kí òkú má baà rò pé a ti gbàgbé òun. O mọ bí ògiri wa ṣe rí. Àwọ̀ búlúù ìgbà ìyá bàbá rẹ ń yọ lábẹ́ pupa, pupa ń yọ lábẹ́ àwọ̀ ìyeyè, amọ̀ sì ń yọjú láàárín gbogbo wọn. Ojú ń tì mí, owó ẹfun ò sì sí.

Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn tí o júwe ilé fún dé, àwọn tó ni hòtẹ́ẹ̀lì tuntun lójú ọ̀nà odò. Octavio lorúkọ ọ̀gá wọn. Àwọn mẹ́fà ni, gbogbo wọn wọ dúdú látòkè délẹ̀ nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Mo sáré jáde, mo bá wọn kẹ́dùn, mo bi wọ́n pé ta ló kú. Wọ́n ń wo ara wọn. Octavio ní kò sẹ́ni tó kú, pé bí àwọn ṣe máa ń múra nìyẹn. Mo rò pé ọ̀fọ̀ náà ṣì wúwo lọ́kàn rẹ̀ ni, n ò béèrè mọ́.

Wọ́n pè mí lọ jẹun ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn. Zena, àánú wọn ṣe mí. Ilé ò tíì parí! Sìmẹ́ńtì lásán ni ògiri, wọn ò kùn ún, kò sí kọ́tìnì, kò sí òdòdó, àfi ẹ̀ka igi gbígbẹ kan ṣoṣo nínú ìgò. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì wà, ó jọ pé owó ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọn ò ní. Wọ́n gbé àwo kan síwájú mi tó fẹ̀ bí atẹ, ẹ̀wà dúdú mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, mo kà á. Kí wọ́n tó jẹun, kálukú na fóònù sórí oúnjẹ, wọ́n tẹrí ba, wọ́n dákẹ́. Inú mi dùn pé wọ́n ṣì ń gbàdúrà, mo bá wọn ṣe àmín sókè. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ogójì tamáàlì àgbàdo tí mo fi ewé wé lọ fún wọn, pẹ̀lú kọ́tìnì olódòdó tí mo tọ́jú dè ọ́ pé kí o rí nǹkan gbé lọ sílé ọkọ. Wọ́n jẹ tamáàlì. Wọ́n ní kọ́tìnì ti dára jù fún àwọn.

Nígbà tó yá wọ́n mú ọmọbìnrin kan wá, Renata, tó gbẹ bí igi àgbàdo oṣù kejìlá, wọ́n wọ kóòtù tó gba ọkùnrin méjì fún un, wọ́n gbé e síwájú ògiri wa láti ya fọ́tò kóòtù náà. Onífọ́tò ní kò gbọ́dọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo bi í pé kí ló jẹ, ó ní ápù kan. Ápù kan, láti àárọ̀! Mo bu mólè, ọbẹ̀ dúdú aláta wa, àti tòlótòló fún un, ló bá dà sára apá kóòtù. Ariwo tí wọ́n pa, o máa rò pé ilé ń jó ni. Ṣùgbọ́n mo rí Renata tó ń lá ìka rẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò.

Kí wọ́n tó lọ, Octavio fi àtẹ́lẹwọ́ pa ògiri náà lára bí ẹni ń fọwọ́ pa ẹṣin lára, ó ní àwọn ń padà bọ̀ láti ya ìyókù. Ó ní kí n fọwọ́ sí ìwé kan, ó kó ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péso lé mi lọ́wọ́, ó wá ní ẹ jọ̀ọ́ Màmá, ẹ má fọwọ́ kan ògiri yìí o, ẹ fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló sọ ọ́, ọwọ́ wà láyà rẹ̀. Ìwọ náà mọ ilé wa. Àlejò tó bá ní òun ti yó, a máa tún bù fún un ni. Ẹni tó bá ní ká má ṣe ìyọnu àga, àga ló ń wá. Nígbà tí àlùfáà ní ká má pa tòlótòló, ṣebí a pa á, ṣebí itan méjèèjì ló jẹ. Tiburcia náà ní ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni Octavio, pé kò lè sọ lójú mi pé ògiri mi dọ̀tí.

Bí mo ṣe fi owó náà ra ẹfun nìyẹn. Mo rẹ ẹ́, mo da omi ewé nopáàlì ẹlẹ́gùn-ún tó ń yọ̀ sí i, mo fi iyọ̀ sí i kó lè mú. Èmi Casilda ni mo gun àkàbà ní ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin, ọjọ́ mẹ́rin gbáko, nígbà mìíràn mo máa jókòó sórí àkàbà náà, mi ò sì ní mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ó funfun débi pé ojú ń ro èèyàn. Nígbà tí àwọn aládùúrà dé ní Ọjọ́bọ̀, mo gbórí sókè.

Àná ni Octavio dé. Ilẹ̀ ló jókòó sí. Ó ní ogójì ọdún ni ògiri yẹn fi di bẹ́ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó lè ṣe irú ẹ̀ mọ́. Mo ní mo mọ̀, ọmọ mi, mo wà níbẹ̀ fún gbogbo ogójì ọdún náà. Ó mu omi, ó ní kí n dá owó òun padà.

Ó tún sọ pé ìwọ lo fi fọ́tò ògiri náà hàn wọ́n, pé o ní kò sí ògiri tó rẹwà tó o láyé yìí. Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n ó dùn mí díẹ̀. Lọ́jọ́ tí o pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títì lo ti lọ pàdé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, o sì darí wọn gba ẹ̀yìnkùlé ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n má baà rí ilé wa. Bàbá rẹ rí ọ. Kò wí nǹkan kan fún ọ. Inú kíṣìnnì ló ti sọ fún mi pé òun máa kùn ún. Lọ́dọọdún ni owó ẹfun ń di owó oògùn, ó ń di owó ọkọ̀ rẹ lọ sílé ìwé. Lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ó ṣì ń bi mí bóyá mo ti ra ẹfun. Nítorí náà, bí mo bá ní torí Octavio nìkan ni mo ṣe kùn ún, irọ́ ni mo pa.

Jọ̀ọ́, wá ẹgbẹ̀rún mẹ́ta péso fún mi kí n dá a padà. Bí wọn ò bá lè dúró, kí wọ́n wá ha ẹfun tí mo fi owó wọn rà kúrò lára ògiri, àkàbà wà níbẹ̀. Má fi í rán ẹ̀rọ ara báǹkì yẹn o, mo kí i títí kò dáhùn, ó gbé káàdì mi mì. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá.

Ọlọ́run á fún ọ ní ilé tìrẹ, wàá rí owó kùn ún nígbà tó bá wù ọ́, ojú ò ní tì ọ́ láyé. Mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ dání. Sọ fún wọn pé wọ́n lè gba iwájú ilé wọlé.

Èmi ìyá rẹ,
Casilda