Ìdìmú Fóònù àti Ẹsẹ̀ Ìyá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ ní orúkọ Ọlọ́run tí ó dá wa sí di òní yìí. Ìyá rẹ kí ọ. Ó jókòó tì mí bí mo ti ń kọ̀wé, ó na ẹsẹ̀ sórí àpótí, ó sì ní kí n sọ fún ọ pé ara òun le, ṣùgbọ́n èmi mọ̀ pé ìrora ni ó ń fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀. Kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí o gbọ́ ohun tí yóò mú ọ sáré wálé.

Ìdìmú fóònù tí o fi rán awakọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní nítorí ọwọ́ mi tó ń gbọ̀n ni o ṣe rà á, pé gbogbo fótò egbò ẹsẹ̀ ìyá rẹ tí mo ti ń yà ránṣẹ́ dà bí ìgbà tí èéfín bo ojú ọ̀nà, àti pé dókítà ní bí òun kò bá rí èyí tó mọ́ kedere kí ilẹ̀ òní tó ṣú, òun kò lè sọ bóyá oògùn ni yóò wò ó tàbí a ó gé ẹsẹ̀ náà. O sì mọ ìyá rẹ. Ó ti là á mọ́lẹ̀ fún mi pé òun kò ní wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí òun kò mọ̀ bóyá ẹsẹ̀ òun yóò bá òun padà bọ̀.

Níwọ̀n bí o ti ní ọwọ́ tó ń gbọ̀n ni ohun èlò náà wà fún, mo ya ẹnu rẹ̀ tó dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, mo sì fi há ọrùn ọwọ́ mi. Ó gé mi jẹ. Mo fara dà á, mo ní oògùn tó dára kì í ṣàìkorò. Lóòótọ́ ni ọwọ́ náà dẹ́kun gbígbọ̀n, nítorí ó ti kú. Ibẹ̀ ni télọ̀ tó kọjú sí ilé wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Abẹ́rẹ́-kì-í-sùn, ti wọlé bá mi. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ti wá fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mú mi ni, kí ni Bàbá jí? Ó tú mi sílẹ̀, ó fi ẹnu ìdìmú há fóònù, ó fi ìdí rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ bí ẹni di èèkù àdá mú, ó sì fi bọ́tìnì tí àtàǹpàkò mi yóò máa tẹ̀ hàn mí kí ó tó padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀.

Mo yà á. Ilẹ̀ ni ó yọ. Mo tún un yà, bàtà mi ni. Mo tún yà, ẹsẹ̀ àpótí ni, kì í ṣe ẹsẹ̀ ìyá rẹ. Oòrùn ti ń yí, ìyá rẹ ti na ẹsẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé títí ó fi rẹ̀ ẹ́, mo sì ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ nídìí ìdìmú náà. Ìyá rẹ ni ó wò mí títí, tó ní Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ta ni ẹ ń tẹrí ba fún? Ọmọ mi, n kò mọ̀ pé mo ń ṣe é. Wọ́n kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ pé a kì í dáwọ́ lé iṣẹ́ láìgbàdúrà, nítorí náà ni mo ṣe ń dijú kí n tó yà á, bí mo bá sì dé Àmín, orí mi á tẹ̀, orí á fa apá, apá á fa fóònù, ibẹ̀ gan-an ni àtàǹpàkò á ti tẹ bọ́tìnì. Fóònù náà ń bá mi tẹrí ba ni. Ìyá rẹ ní Ọlọ́run kì í bínú sí ẹni tó lajú, kí n ṣe Àmín mi tán, kí n wá wo ẹsẹ̀ òun. Ó ní láti ìgbà tí egbò náà ti bẹ̀rẹ̀ ni ojú mi ti ń sá fún un.

Òótọ́ ni ó sọ. Mo lajú, mo di ìdìmú mú, mo tẹ̀ ẹ́. Ó mọ́ kedere, ó tilẹ̀ mọ́ ju bí mo ti fẹ́ lọ. Mo rí dúdú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìka tó kéré jù, mo rí ibi tí ó ti fẹ́ máa gun òkè. Ìyá rẹ ní kí n gbé e wá kí òun wò ó. Mo ní fóònù ti gbóná, kí a jẹ́ kó sinmi díẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ òun ni, kì í ṣe ti fóònù. Ó wò ó pẹ́, ó kàn ní ọwọ́ mi kò gbọ̀n.

Mo ti fi fótò náà ránṣẹ́ sí ọ, ó kù kí o mú un dé ọ̀dọ̀ dókítà. Bí ó bá ní kí a máa bọ̀, jọ̀wọ́ fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, ọkọ̀ tí ìyá rẹ lè na ẹsẹ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá ní oògùn ni, fi owó oògùn ránṣẹ́. Bí nǹkan bá ṣẹ́kù, bá mi ra ìdìmú kan sí i fún ọwọ́ òsì, nítorí òun náà ń gbọ̀n, n kò sì fẹ́ kí ó rò pé a kò ka òun sí. Èsì dókítà, má ṣe kọ ọ́ ránṣẹ́. Pè wá, kí n kọ́kọ́ gbọ́ ohùn rẹ.

Kí ibi iṣẹ́ rẹ má ṣe ṣókùnkùn sí ọ. Kí ilé tí o ń sùn má ṣe gbọ́ igbe. Kí ẹsẹ̀ tí ó pọ̀n ọ́ rìn ní kékeré tún rìn dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ, kí ìwọ fúnra rẹ sì ṣílẹ̀kùn fún un. Ìdìmú yìí náà ni n ó fi ya lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ, nítorí náà n kò ní ṣe Àmín síbẹ̀, kí ilẹ̀ má bàa yọ dípò ìwé. Bá wa ṣe Àmín náà lọ́dọ̀ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.